Gbólóhùn Tí Mo Fò Nípa Àìsàn Àǹtí Bùnmi

Màámi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí Bàámi, mo kí Fúnkẹ́ àbúrò mi tí mo ṣe léṣe láìmọ̀.

Ohun tí mo rí ní yàrá wa ní Bàrígà láàárọ̀ yìí nìyí: ìka ọwọ́ Àǹtí Bùnmi ẹ̀gbọ́n mi mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó wú, pupa tó gba orí imú wọn bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, irun tó re sórí ìrọ̀rí, ife ẹ̀kọ tí wọn ò fẹnu kàn, tó ti dì lójú, àti lẹ́tà Fúnkẹ́ tí ìyá ẹlẹ́ja mú wá láti ilé. Fúnkẹ́ ní àwọn àna ti kọ ìgbéyàwó òun. Wọ́n ní ìdílé tí kòkòrò wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, éèdì ni, àwọn ò ṣe mọ́.

Èmi ni mo fà á. Èmi tí mo ń to ojú ìwé nílé ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, tí mi ò jẹ́ kí ojú ìwé kan sọnù rí, mo fo gbólóhùn kan nínú lẹ́tà tí mo kọ sí yín nípa àìsàn Àǹtí, tí ẹ ní kí wọ́n kà sókè níwájú àwọn àna.

Dókítà ní kòkòrò àrùn kan wọ ara àwọn tó bí gbogbo ayé, kí ìlú kankan tó wà. Àjẹkù rẹ̀ ṣì ń sùn lára wa. Ó ní ó lè jẹ́ pé ó ti tají lára Àǹtí, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ara tó máa ń kọ́kọ́ dìde sí àrùn fi rò pé àlejò ni, tí wọ́n ń lù ú, tí wọ́n sì ń lu ara tó jẹ́ ilé wọn mọ́ ọn. Bí àwọn ọ̀dẹ àdúgbò ṣe lu ọmọ onílé wa lóṣù tó kọjá náà nìyẹn, tí wọ́n ní olè ni. Àwọn dókítà ṣì ń wádìí àrùn náà. Kì í ṣe éèdì, kì í ràn. Gbólóhùn tí mo fò nìyí: gbogbo èèyàn ló ní in. Àwọn àna náà ní in.

Mo sáré gba òpópónà Fọlá Àgorò lọ bá ọ̀gá mi nílé ìtẹ̀wé nínú òjò, pé kí ó bá mi tẹ lẹ́tà yìí ní ogún ẹ̀dà. Ó ní ṣé èmi náà fẹ́ díje ni, torí pósítà olóṣèlú la ń tẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ látìgbà tí àwọn ṣójà ti ní àwọn á gbé ìjọba sílẹ̀. Nígbà tó rí ojú mi, ó ní kí n mú un wá lọ́la. Ẹ kà á sókè, Màámi, ẹ fún àwọn àna ní tiwọn.

Àǹtí ò tíì mọ̀ pé àwọn àna ti kọ̀. Lánàá ni wọ́n bi mí bóyá wíwú ìka àwọn á ti wálẹ̀ kí àwọn lè di irun Fúnkẹ́ lọ́jọ́ ìyàwó. Mo ní á ti wálẹ̀. Mi ò ní ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún níbí.

Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ojú yín rí ohun tí ojú mi rí láàárọ̀ yìí.

Ọmọ yín,
Títí

Nígbà tí mo kọ lẹ́tà náà tán, aago mẹ́ta ku ogún ìṣẹ́jú ọ̀sán ni mo tó fẹ̀yìn lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àǹtí. Ọwọ́ wọn gbóná lọ́wọ́ mi.