Ohun Tí À Ń Pe Fífi Afẹ́fẹ́ Sómi

Àbígbẹ̀yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Ara mi le, àyàfi ẹ̀yìn tó ń ro mí bí mo bá bẹ̀rẹ̀ pẹ́. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín ní àlàáfíà.

Lẹ́tà rẹ dé lọ́jọ́ Ẹtì. O ní ọ̀rọ̀ kan há yín lẹ́nu nínú ìwé àwọn olùsìn ẹja tí ẹ ń túmọ̀, pé kí ni àwa tí a ń ṣiṣẹ́ náà ń pe fífi afẹ́fẹ́ sínú omi. Fẹ́ ni. À ń fẹ́ iná kó lè ràn, à ń fẹ́ táyà kó lè le, bẹ́ẹ̀ náà là ń fẹ́ omi kí ẹja lè rí èémí mí. Kọ ọ́ báyìí: "Ẹ máa fẹ́ omi náà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́." Bí ẹnikẹ́ni bá ní ó jọ fífẹ́ ìyàwó, sọ fún un pé bàbá rẹ ti ṣe méjèèjì, wọn ò jìnnà síra wọn.

Lóṣù tó kọjá, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ omi dédé kú. Nígbà tí mo dé ibi adágún ẹja mi láàárọ̀, gbogbo ẹja ti yọ ẹnu sókè, wọ́n ń mí gúlegúle. Mo pe rẹwáyà tó máa ń bá mi tún ẹ̀rọ náà ṣe, ó ní ó di ọ̀sán kí òun tó lè dé.

Mo bá gbé korobá, mo wọnú omi dé ìbàdí. Mo ń bù ú, mo ń dà á padà látòkè kí afẹ́fẹ́ lè bá a wọlé. Nígbà tí ìyá rẹ wà láyé, bí ọ̀kan bá ń bù, èkejì á sinmi. Nígbà tí apá mi kú, mo na korobá sẹ́yìn, mo ní, "Ìyá wọn, ó kàn ọ́." Kò sẹ́ni tó gbà á. Ọdún mẹ́ta ló ti lọ, ọwọ́ mi ò tíì mọ̀.

Rẹwáyà bá mi níbẹ̀ lọ́sàn-án. Kó tó wo ẹ̀rọ rárá, ó gba korobá lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ gòkè. Ṣé ẹ ò lẹ́nì kankan ni?" Mo ní mo bí mẹ́rin. Ó wọnú omi, ó ń bù ú. Ìdajì ẹja kú, ìdajì yè.

Mo mọ̀ pé ìlà kan péré ì bá tó láti dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n lẹ́tà rẹ yìí ni àkọ́kọ́ látìgbà tí a ti sin ìyá rẹ, n ò sì fẹ́ kí èsì rẹ̀ tètè tán.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́. Ilé rẹ á tòrò. O ò ní ṣe àárẹ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.

Àfikún: Bí ọ̀rọ̀ mìíràn bá tún há yín lẹ́nu, má kọ́kọ́ wá a nínú ìwé. Bi mí.