Ta Ni Àjèjì Tó Fẹ́ Se Ọṣẹ Mi?

Oníyanrìn, Ìbàdàn.

Hikmat Àbẹ̀ní ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Èkó níbẹ̀? Ọlọ́hun ò ní jẹ́ kí ìwé yí ọ lórí. Bàbá rẹ kí ọ. Ewúrẹ́ Àkíbù aládùúgbò wa ti bímọ mẹ́ta, atẹ́gùn sì ti ṣí páànù ilé ìdáná wa, àmọ́ ìyẹn kọ́ ló ń bí mi nínú.

Ìwọ ni o, pẹ̀lú ìbéèrè tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù Karimat àbúrò rẹ. O ní wọ́n ń kọ́ yín ní yunifásítì bí wọ́n ṣe ń kọ ìwé ìlànà iṣẹ́, pé ti ọṣẹ dúdú mi lo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá. Mo ní ó dáa. Àfi bí fọ́ọ̀mù ṣe dé, pé kí n fọwọ́ sí i pé mo gbà kí o bi mí ní ìbéèrè. Èmi tí mo bí ọ! Mo sáà ti ìka bọ tàdáwà tí bàbá rẹ fi ń kọ wàláà, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fóònù dáadáa, Karimat figbe ta, ó nù ún kúrò. Bí wọ́n bá ní mi ò fọwọ́ sí i, òun ni kí wọ́n mú.

O ní éérú mélòó. Mo ní títí yóò fi tó. O ní ìṣẹ́jú mélòó ni mo fi ń rò ó. Mo ní láti ìgbà tí wọ́n bá ti kírun Àsárì títí apá yóò fi máa ro mí. O ní ìyẹn ò ṣeé kọ, pé àjèjì tí ò rí mi rí gbọ́dọ̀ lè kà á, kó sì se ọṣẹ láì bi ẹnikẹ́ni. Ó mà ga o! Ta ni àjèjì ọ̀hún? Kí ló ṣe é tí ò lè wá kí mi? Ọdún mẹ́fà ni mo fi pọnmi fún ìyá mi kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan orógùn. Ẹnì kan á wá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, á kàwé tán, ó di ọlọ́ṣẹ!

Bàbá rẹ ní bí mi ò bá dáhùn, o ò ní jáde lọ́dún yìí. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti fi agolo mílíìkì wọn éérú, mo ti wo aago, Karimat ti kọ gbogbo rẹ̀ sẹ́yìn lẹ́tà yìí. Àmọ́ bí a ṣe ń mọ̀ pé ọṣẹ ti jinná, mi ò sọ ọ́, mi ò sì ní sọ ọ́ fún bébà. Karimat ò fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ọ̀hún, irun ló ń dì ní Bẹẹrẹ.

Fi owó àdín ránṣẹ́, kí o sì mú owó ọkọ̀ tìrẹ sọ́wọ́. Ọlọ́hun á jẹ́ kí o ṣe àṣeyege. Sọ fún olùkọ́ rẹ pé ìyókù ò ṣeé kọ, kí o wá sílé kí n fi hàn ọ́, nígbà tí apá mi ṣì lè gbé orógùn.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sìdí ọlọ́ṣẹ.