Òpó Mápó Tó Ní Ọ̀rọ̀ Lára

Ọjọ́ Ajé, 1 Oṣù Kẹwàá, 1956
Alábẹ̀wò ilé ìwé ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀gá àgbà wa kéde rẹ̀ láàárọ̀. "Ní ṣókí," ó ní — a sì dúró nínú oòrùn fún ogójì ìṣẹ́jú. Láti òní lọ, Ní-Ṣókí ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé yìí. Lójú rẹ̀, "ẹ" ni mò ń lò fún un. Níbí, "o" ni.

Ẹ̀rù ń bà mí. Ọdún tí wọ́n fi ń dán mi wò ń parí lọ. Bí ohun tí Ní-Ṣókí bá kọ nípa mi bá burú, Iléṣà ni mò ń padà sí, kí n lọ gbọ́ "mo ṣáà sọ fún ẹ" lẹ́nu Màmá.

Ọjọ́rú, 3
Mo ti rí ohun tí a máa fi han alábẹ̀wò. Gbọ̀ngàn Mápó, ti orí òkè n'Íbàdàn níbí! Kíká bébà, bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ká ẹyọ kan — òpó, àtẹ̀gùn, òrùlé — ká wá tò ó pọ̀. Ọmọ márùndínlọ́gọ́ta ní kíláàsì kìíní, bébà ilé ìwé ò tó. Mo ní kí wọ́n mú èyí tí wọn ò lò mọ́ wá láti ilé.

Ọjọ́bọ̀, 4
Bébà àkàrà, tòun ti òróró. Kàlẹ́ńdà ọdún èṣí. Mọ́ṣúdù gbé páálí bàtà bàbá rẹ̀ wá, bàtà wà nínú rẹ̀. Mo dá bàtà padà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9
Ẹ ká a sí méjì. Ẹ tún un ká. Ẹ fi èékánná tẹ ojú ìlà. Ohùn mi ti há. Mùstàfá ká tirẹ̀ títí ó fi kéré bí ẹ̀pà, ó ní Mápó tí èèyàn ń wò láti òkèèrè ni.

Adétutù, ọmọ Ní-Ṣókí fúnra rẹ̀, ló ká òpó tó dára jù. Bébà tirẹ̀ nípọn, ó funfun. Mo yìn ín títí.

Ọjọ́bọ̀, 11
Mápó dúró! Ẹ̀kọ la fi lẹ̀ ẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu Mọ́ṣúdù ni púpọ̀ nínú ẹ̀kọ náà gbà lọ. Òrùlé tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀ bíi fìlà. Inú mi dùn, mo jó.

Ní-Ṣókí bá wọlé, ó fajú ro. Ìwé kan tó tẹ̀ fún alábẹ̀wò ti sọnù lórí tábìlì rẹ̀ nílé. Bó ṣe jáde, Adétutù fà mí láṣọ.

"Mísì, ẹ ní bébà tí wọn ò lò mọ́. Ìyẹn ti kún fún ọ̀rọ̀."

Mo yẹ òpó rẹ̀ wò. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀. Ìyókù ti ká sínú. Ìlà ìkẹyìn ló hàn, àti ìbuwọ́lùwé Ní-Ṣókí lábẹ́ rẹ̀: olùkọ́ yìí kò lè mú kí àwọn ọmọ ṣe ohunkóhun papọ̀.

Ó dùn mí. Ó dùn mí gan-an. Ṣùgbọ́n bí mo bá yọ òpó yẹn, òrùlé á wó, ọmọ márùndínlọ́gọ́ta á figbe ta. Mo ká igi bébà kan, mo fi bo ọ̀rọ̀ náà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ẹtì, 12
Alábẹ̀wò dé. Ó lóṣòó ti Mápó, ó bi wọ́n ta ló ṣe é. Gbogbo kíláàsì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé àwọn ni. Ẹ̀rín ti ń gba ẹnu rẹ̀ nígbà tí Mùstàfá dìde, ó fa igi mi tu. Ó ní igi ò sí níwájú Mápó, òun máa ń gba ibẹ̀ kọjá.

Alábẹ̀wò wọ awò ojú. Ó ka òpó sókè ketekete. Ó wo ilé náà, ó wo àwọn ọmọ, ó yíjú sí Ní-Ṣókí.

"Olùkọ́ wo lẹ kọ èyí nípa rẹ̀?"

Ní-Ṣókí nu òógùn iwájú orí rẹ̀.

"Ó ti lọ, sà."

Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ tó ṣókí tó báyìí rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Alábẹ̀wò ní kò burú. Kó tẹ ìwé ẹni tó ṣe Mápó yìí wá fún òun kó tó di ọ̀sán. Ó tẹ̀ ẹ́. Ojú ewé méjì gbáko, kìkì ìyìn.

Mo ti lọ nìyẹn o. Ọjọ́ Ajé, aago mẹ́jọ, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.