Ìwádìí Lọ́dọ̀ Aládùúgbò

Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́.

Ọ̀rọ̀ Títí, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ò tíì kúrò lọ́kàn mi. Ọmọ náà gbé fóònù wá bá mi ní láíbìrì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lónìí, ó ní òun ti rí àgbo tí ìyá àgbà òun n'Ígèdè máa mu tí yóò fi jáwọ́ nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Mo ní ta ló sọ pé òótọ́ ni.

"Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, mà."

Inú bí mi. "Bí ọkùnrin kan bá ní òun fẹ́ fẹ́ ọ, ṣé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn òbí rẹ ti máa wádìí ìwà rẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá o, mà. Àwọn aládùúgbò ni wọ́n máa bi."

"Ó dáa, fi ojú ìwé orí fóònù yìí sílẹ̀, ká lọ bi àwọn aládùúgbò rẹ̀."

A jọ wá ohun tí àwọn ojú ìwé mìíràn sọ nípa rẹ̀ kiri lórí kọ̀ǹpútà. Àṣé ẹni tó kọ ọ́ ló ń ta àgbo náà! Títí pe Ìgèdè lójú ẹsẹ̀: "Ìyá àgbà, ẹ má dá oògùn yín dúró o!"

Bó ṣe fẹ́ máa lọ, ó ní òun àti àwọn ẹgbẹ́ òun náà ti wádìí mi lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣáájú wọn.

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní ẹ máa ń jágbe, mà. Wọ́n ní ká ṣáà má fi yín sílẹ̀."

Mo jágbe mọ́ ọn pé kó máa lọ, kí n má bàa sunkún lójú rẹ̀.