Sípíríìngì Tuntun fún Jíìpù Wa

Ọjọ́ Ẹtì, ìrọ̀lẹ́, Bódìjà

Jíìpù mi ti dìde. Ẹrù tí a máa ń kó lọ sílé ní Èkìtì ló tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, tí táyà ẹ̀yìn fi ń ha ara ọkọ̀ ní gbogbo kòtò. Láàárọ̀ yìí ni mẹkáníìkì mi ní Mọ́kọ́lá yọ sípíríìngì tó ti rẹ̀, ó fi èyí tó nípọn sí i. Ìdí ọkọ̀ wá gòkè bíi ti ewúrẹ́ tó ń mu omi.

Àṣìṣe mi ni pé mo gbé e sẹ́nu géètì kí gbogbo àdúgbò lè rí i, bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ̀ pé à ń lọ sílé lọ́la.

Màmá Bọ́sẹ̀, ará ìlú wa tó ń gbé ní òdìkejì, ló kọ́kọ́ yọjú. Wọ́n ní, "Ó mà ga o. Á gba àpò sìmẹ́ǹtì tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àbúrò mi."

Ta ló fẹ́ sọ fún àgbà ìlú ẹni pé kò sáyè? Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn ará ìlú yòókù ti kó tiwọn dé. Ìdí ọkọ̀ ti padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ìyàwó mi wò ó, ó ní, "Bàbá Tòmíwá, èmi á wa ọkọ̀ ẹrù yìí lọ lọ́la. Kí ẹ̀yin wọ ọkọ̀ èrò."

Mo rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà mo tún jáde lọ wo ìdí ọkọ̀.

Báàgì kékeré ni màá gbé dání.