Àwẹ̀ró Tí O Lé Jáde

Òkè-Àgbède,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn òjò.

Adébọ̀dé ọmọ mi,

Jẹ́ kí n kí ọ kí n tó bínú, torí tí mo bá kọ́kọ́ bínú, mi ò ní rántí kí ọ mọ́. Kú iṣẹ́ o, kú làálàá Èkó, kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ò ń jẹun, àbí búrẹ́dì lo ṣì fi ń ṣe oúnjẹ àárọ̀ àti ti alẹ́? Ọlọ́run á ṣọ́ ọ ní Ṣómólú tí o ti ń ṣiṣẹ́ àti ní Bàrígà tí ò ń sùn sí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò ní gbá ọ lọ́wọ́ mú, ẹni burúkú kò ní mọ ọ̀nà ilé rẹ. Àmín.

Ilé wà bó ṣe wà. Òjò pọ̀ lọ́dún yìí, ògiri ilé ìdáná wó lápá kan, a ti fi páànù bò ó. Ewúrẹ́ dúdú yẹn bí méjì, ọ̀kan kú. Ìyàwó pásítọ̀ bí obìnrin. Bàbá rẹ ni mi ò tíì dárúkọ, mo máa débẹ̀.

Tabitha ọmọ Ìyá Onígaàrí ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀. Ilé ìwòsàn Igbóbì ló ń lọ, ó fẹ́ lọ wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ṣubú lórí ọ̀kadà tó sì kán lẹ́sẹ̀. Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀ ní Onípanu, kó béèrè ọ̀nà Fọlá Agoro, kó wá máa wo pátákó àwọn onítẹ̀wé lọ́kọ̀ọ̀kan títí yóò fi rí èyí tí wọ́n kùn ní pupa àti yẹ́lò. Bí mo ṣe mọ pátákó náà wà nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ.

Láti ìgbà Àjíǹde tí bàbá rẹ ti sọ fún ọ lórí fóònù, lójú àwọn àlejò, pé ìwọ tí ò ń tẹ káàdì ìgbéyàwó fún gbogbo ayé, ta ni yóò tẹ tìrẹ, láti ọjọ́ náà la ò ti gbọ́ ohùn rẹ mọ́. Mo pe nọ́ńbà rẹ, obìnrin kan ń fi òyìnbó dá mi lóhùn. Mo kí i, mo béèrè rẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sọ ju ohun tó ti kọ́kọ́ sọ lọ. Mo rò pé o ti fẹ́ ìyàwó tí kò gbọ́ Yorùbá ni, inú mi tiẹ̀ dùn díẹ̀, mo sì ń fi sùúrù kí i láràárọ̀. Rọ̀kíbátù aránṣọ, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wa, ló là mí lóye pé obìnrin iléeṣẹ́ fóònù ni, pé o ti pa láìnì náà tì.

Rọ̀kíbátù kan náà ló sọ fún mi pé o wà láàyè. Ó ní ojoojúmọ́ lò ń sọ̀rọ̀ nínú ẹgbẹ́ ọmọ Òkè-Àgbède tó wà lórí Fesibúùkù, pé ìwọ gan-an ni wọ́n fi ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ò ń gba èèyàn wọlé, o sì ń lé èèyàn jáde. Mo ní kó mú mi débẹ̀. Mo wẹ̀, mo wé gèlè, mo wọ ìró àti bùbá aláró mi, torí mi ò lè fi aṣọ ìdáná jókòó láàárín ìlú. Rọ̀kíbátù rẹ́rìn-ín, ó ní wọn ò ní rí mi. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Ó ní kí òun ya àwòrán mi síbẹ̀, mo kọ̀, mi ò fẹ́ kí ojú mi wà níbi tí mi ò ti rí ẹni tó ń wò ó, ló bá fi àwòrán òdòdó kan síbẹ̀.

Nígbà tó kan orúkọ, mo ní kó kọ Àwẹ̀ró. Mi ò lè kọ Ìyá Adébọ̀dé kí gbogbo ìlú mọ̀ pé ìyá ń wá ọmọ rẹ̀ kiri. Àwẹ̀ró ni ìyá mi fi ń kì mí, òun ni bàbá rẹ sì ń pè mí tó bá ku àwa méjèèjì nínú yàrá. Mo ní ọmọ tí mo bí á mọ̀ ọ́n.

Bí mo ṣe wọlé, mo kí gbogbo yín kú ìjókòó. Kò sẹ́ni tó dáhùn, ẹnì kan kàn na àtàńpàkò sí mi. Mo ní bóyá èrò ló pọ̀ tí wọn ò gbọ́, ni mo bá ń kí wọn níbikíbi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀, ì báà ṣe ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ì báà ṣe ọ̀rọ̀ ìbò. Rọ̀kíbátù ní ká ṣe kíá, dátà ń tán lọ. Mo ní kó jẹ́ ká rọra kí wọn, kó má baà yára tán. Ara bàbá rẹ kò yá, kì í sì ṣe ohun tí mo lè sọ lójúde, ẹni tí mo mọ ilé rẹ̀ ni mo ń wá, tí mo lè rán sí ọ ní kọ́lọ́fín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bi olúkúlùkù pé ọmọ ta ni yín. Bí àlejò bá wọ ilé mi, ohun tí màá bi í nìyẹn kí n tó mọ ọ̀rọ̀ tí mo lè bá a sọ.

Inú wọn ò dùn sí i. Ẹnì kan ní kí ni mo fẹ́ fi orúkọ bàbá òun ṣe. Ẹnì kan ní mo ń bú òun pé òun ò ní bàbá. Ọmọ Bọ́dúndé káfíńtà ni onítọ̀hún, bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ni mo dá a mọ̀, mo wá fi oríkì ilé wọn kì í kí ara rẹ̀ lè wálẹ̀, ó ní mo ti lọ wádìí ìdílé òun, pé kí wọ́n bá òun mú mi. Ọkùnrin kan tún wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Japhet, tí kì í bú ẹnikẹ́ni. Tí ilẹ̀ bá mọ́, á ní ìbéèrè lásán lòun ní, ṣé òótọ́ ni pé àwọn ará Ìsàlẹ̀ Odò ló jẹ owó kànga? Kó tó di ọ̀sán, ọmọ ìyá kan náà á ti máa ṣépè fún ara wọn, Japhet á wá ní kí wọ́n fi sùúrù ṣe é. Mo kọ ọ́ sí i pé jọ̀wọ́, ọmọ mi, béèrè nǹkan mìíràn. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ìwọ fúnra rẹ dé. Mo rí àwòrán rẹ, o dúró níwájú ilé ìtẹ̀wé, pátákó pupa àti yẹ́lò wà lẹ́yìn rẹ, wọ́n kọ Fọlá Agoro sí i lára. O ti rù. Mo fi ọwọ́ kan ojú rẹ lórí fóònù, ohun tí kò yẹ kó ṣí bá ṣí, Rọ̀kíbátù gbà á lọ́wọ́ mi, ó wá ka ohun tí o kọ sí mi. O pè mí ní ìwọ. O ní ìwọ Àwẹ̀ró yìí, o ti rí irú mi rí, tíróòlù ni mí. O ní mo fojú pamọ́, mo ń sọ ohun kan náà níbi gbogbo, mo ń dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn mí, mo ń tú bàbá èèyàn wò kí inú lè bí wọn. O ní kí n máa lọ. Rọ̀kíbátù tún gbìyànjú láti wọlé lọ́jọ́ kejì, wọn ò ṣílẹ̀kùn.

Mo bi í pé kí ni tíróòlù. Ó ní ẹni tó ń wọ àárín àwùjọ torí kó lè mú inú bí wọn ni, tí inú rẹ̀ sì máa ń dùn tí wọ́n bá ń jà. Mo jókòó, mo rò ó. Gbogbo ohun tí o ní mo ṣe ni mo ṣe. Mo fojú pamọ́, mo ń sọ ohun kan náà, mo sì béèrè bàbá èèyàn. Ṣùgbọ́n inú mi ò dùn níbẹ̀ rí, Adébọ̀dé, kò dùn lọ́jọ́ kan. Japhet kò ṣe ọ̀kankan nínú ohun tí o kà sí mi lọ́rùn, ojú rẹ̀ hàn, ó wọ táì, ẹ̀yin náà sì ń na àtàńpàkò sí i. Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n ṣọ́ ẹnu ọ̀nà yẹn, mi ò ní wo ohun tí èèyàn ń sọ nìkan, màá bi í ní ohun tó ń wá.

Ìwọ tí o pè mí yẹn dùn mí ju lílé tí o lé mi lọ. Láti ọjọ́ tí o ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, o ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo mọ̀ pé o ò mọ̀ pé èmi ni. Ṣùgbọ́n o rí orúkọ náà, o fi ọwọ́ ara rẹ kọ ọ́, kò sì jọ nǹkan kan lójú rẹ. Mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ bàbá rẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wú láti oṣù tó kọjá, ikùn rẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, dókítà sì ti ní ká máa gbé e lọ sílé, ká máa fún un ní ohun tó bá wù ú jẹ. Mo mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Òun náà mọ̀ ọ́n. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti ọ̀dọ̀ Rọ̀kíbátù dé ló ń bi mí pé ṣé mo rí ọ, kí lo wí. Lọ́jọ́ tí o lé mi, mo wọlé, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, gèlè ṣì wà lórí mi. Ó ní kí lo wí. Mi ò lè sọ fún un pé o ní kí n máa lọ. Mo ní o ní ò ń bọ̀. Ó ní ìgbà wo. Mo ní Sátidé tó máa parí oṣù yìí. Ó wá bi mí pé ṣé o ò bínú mọ́. Mo ní o ò bínú mọ́.

Láti ọjọ́ náà, tí ilẹ̀ bá ti mọ́, á ní ká gbé òun jókòó sí ẹnu ọ̀nà, á kọjú sí títì. Mo sọ fún un pé Sátidé kò tíì dé. Ó ní òun mọ̀, pé kí oorun má baà máa gbé òun lọ nígbà tí o bá dé ni.

O mọ̀ pé mi ò kì í kọ lẹ́tà kí n má tọrọ owó. Ti ẹ̀ẹ̀yí, owó tó bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi wọ ọkọ̀. Tí ó bá ṣẹ́kù, ra bátìrì fún rédíò bàbá rẹ, má ra nǹkan kan fún mi. Tí o bá dé, má ṣàlàyé, má bẹ̀bẹ̀ jù, ṣáà ní o dé bí o ṣe sọ pé o máa dé. Kò gbọ́dọ̀ mọ̀ pé irọ́ ni mo pa fún òun.

Ọlọ́run á mú ọ délé. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́. Ìwọ náà á bímọ, wọn á sì mọ orúkọ rẹ. Lọ́jọ́ tí o bá ń wá wọn, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà á dá ọ mọ̀.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Àwẹ̀ró.