Abẹ́rẹ́ Ìhà Tí Ẹ̀gbọ́n Wa Kọ̀

Nọ́ọ̀sì kan tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa ní Woliwo, ní Onitsha níbí, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi, ẹ̀yin òǹkàwé, láti ọjọ́ náà ni oúnjẹ ò ti dùn lẹ́nu mi mọ́… Àwa mẹ́ta ni ìyá wa bí, èmi ni mo wà láàrin. Ẹ̀gbọ́n wa ló kó wa wá sí Onitsha nígbà tí ogun abẹ́lé parí tí owó epo dé, abẹ́ rẹ̀ la ti kọ́ òwò aṣọ, ohun tó bá sọ labẹ gé.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n la ìhà àbúrò mi láti tún ọkàn rẹ̀ ṣe. Iṣẹ́ abẹ náà yọrí, àmọ́ ìrora tó tẹ̀ lé e… ẹ má jẹ̀ẹ́ n sọ ọ́. Kò lè mí kanlẹ̀, kò lè wúkọ́, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kún àyà rẹ̀, díẹ̀ ló kù ká pàdánù rẹ̀. Ọmọ Ìgbò tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì, iṣẹ́ abẹ kan náà ni, àmọ́ wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ tó ń pa ìrora sáàrin egungun ìhà, ó ń jókòó mu tíì. Àbúrò mi wò ó, ó ní torí pé Yorùbá lòun ni dókítà tó jẹ́ Ìgbò ṣe fi abẹ́rẹ́ du òun… ogun ò tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni, ta ni kò ní gbà á gbọ́?

Nọ́ọ̀sì yìí, tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, ní irọ́ ni, pé ẹ̀gbọ́n wa gan-an ló ní rárá. "Nwanne, na una senior brother talk no." Ó ní àbúrò mi ò tíì jí dáadáa nígbà tí dókítà bẹ Ẹ̀gbọ́n títí pé kó jẹ́ kí wọ́n gún un. Ẹ̀gbọ́n ní wọ́n kọ ilà fún wa ní kékeré, kò sẹ́ni tó ké nínú wa, ọkùnrin ilé wa kì í gba abẹ́rẹ́ nítorí ìrora.

Ẹ̀gbọ́n mọ̀ o… ó mọ̀, ó sì dákẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìdílé Ìgbò kan láti Inland Town gbé ẹmu wá tọrọ ọmọbìnrin àbúrò mi fún ọmọ wọn. Àbúrò mi ṣí ẹ̀wù, ó fi àpá ìhà rẹ̀ hàn wọ́n, ó ní, "Ẹ wo ohun tí èèyàn yín fi ojú mi rí, kí ẹ tó bèèrè ọmọ." Ẹ̀gbọ́n jókòó tì í, ó ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọbìnrin náà ń sunkún ní yàrá, èmi ń wo ilẹ̀…

Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti dójú ti ẹni tó sọ mí dèèyàn, àbúrò mi lè má bá a jẹun mọ́ láyé. Bí mo bá dákẹ́ ńkọ́? Àwọn ará ọkọ ní tó bá di ọjọ́ ọjà Nkwọ tó ń bọ̀ tí àwọn ò gbọ́ nǹkan, ó parí nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ta lẹ máa kọ́kọ́ lọ bá, ẹ̀gbọ́n yín ni àbí àbúrò yín?